Omi Ojú Opó Léonard

Ẹ bi ẹnikẹ́ni láti Kpingni títí wọ àárín ìlú Ìdáàṣà, ohun kan náà ni wọ́n máa sọ fún yín: láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti to àwọn òkè yìí jọ, kò tíì sí opó tó sunkún ọkọ tó Euphrasie. Òjò a máa dá, omi ojú Euphrasie kì í dá. Wọ́n ní lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, adìẹ a máa tẹ̀lé e káàkiri àgbàlá kí wọ́n lè rí nǹkan mu. Wọ́n ní ọkùnrin kan gbéra láti Glazoué wá kí i kú ọ̀fọ̀, ó jókòó síwájú rẹ̀ díẹ̀, ìgbà tó máa dìde, omi ti wọ bàtà rẹ̀. Irọ́ wà nínú ìyẹn, àmọ́ kò pọ̀.

Euphrasie gbọ́ gbogbo ìyìn yìí, kò dùn mọ́ ọn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Àárẹ̀ tó wà lára obìnrin yẹn, bí wọ́n bá dì í ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á dọ̀bálẹ̀. Bó bá jí láàárọ̀, kì í lè la ojú. Ìpin á ti lẹ ìpéǹpéjú òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ bí àtè ọdẹ ẹyẹ. Á jókòó sétí ẹní, á fi itọ́ tọ́ ìka, á máa rẹ ìpin náà, á máa ṣí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn ilé tí onílé ò fẹ́ àlejò. Ojú á là tán, ìmọ́lẹ̀ á ta á bí ata. Etí ìpéǹpéjú pọ́n, ó wú, ó ní èépá wẹ́wẹ́ nídìí irun bí èépá ẹja. Inú ojú ń rìn ín, àfi bí ẹni pé ẹnì kan lọ òkè Ìdáàṣà kan kúnná tó sì dà á síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi á wá bẹ̀rẹ̀. Á máa ṣàn bó bá ń gbálẹ̀, á máa ṣàn bó bá ń jẹun, á máa ṣàn bí ẹnì kan bá pa á lẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ó sunkún Léonard ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlẹ̀, ẹkún tó sun kì í ṣe ẹkún ẹnu. Ó sun ún fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn pẹ̀lú, lórí ibùsùn, nígbà tó bá na ọwọ́ tí kò bá ẹnì kankan. Ẹkún yẹn wá tán, bí ẹkún gbogbo ṣe ń tán. Ojú ni kò tán. Ojú ń ṣe tirẹ̀ lọ.

Nínú agboolé Léonard, opó kò gbọdọ̀ dé ọjà. Ó gbọ́dọ̀ wọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ fi omi tí iná mú gbóná kan ojú, nítorí wọ́n ní ẹni tó wà nínú ilẹ̀ tutù, ẹni tó bá a sùn rí gbọ́dọ̀ bá a pín òtútù náà. Kí wọ́n tó gé ìṣu tuntun lọ́dọọdún, ẹ̀gbọ́n olóògbé tó bá jẹ́ obìnrin á jókòó, á fa ojú opó mọ́ra, á wò ó. Bí ojú bá gbẹ, wọ́n á bọ́ dúdú fún un. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á ní ọkọ ò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀, ó di ìṣu tuntun mìíràn. Ọdún tó kọjá, wọ́n wo ojú Euphrasie. Kò pẹ́ tí wọ́n wò ó. Omi ti kán sí ọwọ́ ẹni tó ń wò ó kó tó jókòó dáadáa.

Ẹni tó ń wò ó ni Suzanne, ẹ̀gbọ́n Léonard. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí: Suzanne ga, ó ṣe gbọọrọ, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà, ajá á kọ́kọ́ ronú kó tó gbó. Òun ni olórí àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà ní àdúgbò wọn, bí wọ́n bá ń lọ sí ihò Màmá Màríà ní Arigbo nínú oṣù kẹjọ, òun ló ń síwájú. Wọ́n sin àbúrò rẹ̀ ojú rẹ̀ kò rọ̀. Ó dúró létí sàréè bí àpáta, àwọn èèyàn sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọkàn obìnrin yìí le o. Láti ìgbà náà, gbogbo ibi tó bá dé, ó ń sọ pé, "Ẹ wo ìyàwó àbúrò mi. Ẹ wo bó ṣe ń sunkún rẹ̀."

Kí Léonard tó kú, ìṣu ni Euphrasie ń tà ní ọjà Glazoué. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, kò sí ẹni tó mọ ìṣu bíi tirẹ̀. Á fi ìka kan ìṣu, á sọ oko tó ti wá, á sọ bóyá olóko yẹn sùn ká nílé nígbà tó yẹ kó ro ebè. Nígbà tí dúdú kò jẹ́ kó dé ọjà mọ́, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ òkè, ó ń fọ́ òkúta wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wá bá wọn níbẹ̀, wọn kì í lọ bá ẹnì kankan. Ó jókòó nínú eruku láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òòlù lọ́wọ́, ojú ń ṣàn. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ láyé kò ju kí wọ́n bọ́ dúdú yìí kí ìṣu tuntun tó jáde, kó padà sídìí ìṣu rẹ̀. Bí ọdún yìí bá tún kọjá, àwọn oníbàárà tó kù tó ṣì rántí orúkọ rẹ̀ á gbàgbé.

Brice ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dókítà. Ọmọ àbúrò Euphrasie ni Brice, alùpùpù ló fi ń gbé èrò, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì. Ó mọ gbogbo ọ̀nà, ó mọ gbogbo òfófó.

"Tàńtí," ló wí, "dókítà kan ń wá sílùú láti Kútọnu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú nìkan ló ń wò. Bí imú bá ń dùn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yẹn, kò kàn án. Ẹ jẹ́ n gbé yín lọ."

"Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Ẹkún ni."

"Ẹkún kì í ní ìpin, Tàńtí."

Brice kò sinmi.

"Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìjẹta ẹ kí òpó iná, ẹ ní ó kú iṣẹ́."

"Mo rò pé Désiré aládùúgbò wa ni."

"Désiré sanra. Òpó iná ò sanra."

Euphrasie rẹ́rìn-ín, omi bọ́. Ó sì gòkè sẹ́yìn alùpùpù.

Dókítà náà ń jẹ́ Évariste, ọkùnrin kékeré kan tó wọ jígí tó fẹ́ẹ̀ tóbi jù ú lọ. Wọ́n jókòó dè é títí tí àga fi fẹ́ mọ̀ wọ́n lórúkọ. Nígbà tó kàn wọ́n, ó ní kí Euphrasie gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, ó tan iná wẹ́rẹ́ sí i lójú, ó fi pépà tínínrín há etí ìpéǹpéjú rẹ̀ pé kó pa ojú dé ná, ó kán omi aláwọ̀ ọsàn kan sí i, ó tún wò. Ó fi ìka tẹ etí ìpéǹpéjú náà jẹ́jẹ́, ohun kan bí òrí dídì yọ jáde níbẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Màmá, ojú yín gbẹ."

Brice kọ́kọ́ wo ojú Dókítà bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Lásìkò yẹn gan-an, omi kan bọ́ lójú Euphrasie, ó kán sórí tábìlì.

"Dókítà," Brice wí pẹ̀lẹ́, "ẹ gbé pépà yín kúrò níbẹ̀ kó má tutù."

"Mo rí i," ni Dókítà wí. "Ẹ̀yin, bí mo bá da omi sínú àwo pẹrẹsẹ, tí mo gbé e sóòrùn, ṣé kò ní gbẹ?"

"Á gbẹ," Euphrasie dáhùn.

"Bí mo bá wá da epo díẹ̀ lé e lórí?"

"Á pẹ́ kó tó gbẹ."

"Bí ojú ṣe rí nìyẹn. Ihò wẹ́wẹ́ wà létí ìpéǹpéjú tó ń tú epo sórí omi ojú kó má baà tètè gbẹ. Tiyín ti wú, ó ti dí, epo inú rẹ̀ ti dì. Omi ò ní ìbora. Ó ń gbẹ, ojú ń ta, ojú wá ń ké, omi mìíràn á sì ya wá gìrìrì láti fi pa iná náà. Ìyẹn kì í dúró. Ó dà bí àgbàrá tó kọjá lórí àpáta. Ṣé àpáta ń mu nínú rẹ̀?"

"Kì í mu."

"Kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹkún."

Ohun tí Euphrasie ti mọ̀ tipẹ́, àlejò tó wọ jígí ló wá sọ ọ́ síta, kò sì mọ̀ bóyá kó dúpẹ́ ni àbí kí ojú tì í.

Ó béèrè bóyá ó ní oògùn. Ha, oògùn wà. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sílẹ̀, àwọn nǹkan tó kà, bí ẹ bá rò ó fún àwọn bàbá yín àgbà, wọ́n á ní kí ẹ lọ sùn. Ó ní ní Kútọnu, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń fi sójú, á mú ìpéǹpéjú gbóná, á máa fún un bí ẹni ń fún wàrà, títí epo tó dì á fi jáde. Ó ní wọ́n lè fi nǹkan bíńtín dí ihò tí omi ojú ń gbà lọ sínú imú, kí èyí tó wà lójú lè dúró. Ó ní àwọn kan wà tí kòkòrò tíntìntín ń gbé nídìí irun ìpéǹpéjú wọn, ojú lásán kò lè rí i, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ó ní ojú tó bá le jù, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún, wọ́n á yọ omi inú rẹ̀, òun náà ni wọ́n á máa kán padà sójú rẹ̀. Níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí, Brice ti rọra sún àga rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìyẹn fún ojú tí èyí tó rọrùn bá kọ̀ fún," Dókítà wí. "Ẹ̀yin, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Aṣọ mímọ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi gbígbóná, ẹ fún un, ẹ fi lé ojú tí ẹ bá pa á dé. Gbígbóná tí awọ lè gbà, kì í ṣe èyí tó ń bó o. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ wá fi ìka ra ìpéǹpéjú, láti òkè wá sídìí irun, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ nu ìdí irun náà mọ́. Oògùn ìkánsójú rèé, ìpara alẹ́ rèé. Ẹ wá nǹkan bo ojú níbi eruku. Tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́ ni o. Kì í tán pátápátá. Ẹ ó máa ṣe é bí ẹ ṣe ń fọ ẹnu."

Ọkàn Euphrasie ti dúró síbi omi gbígbóná tipẹ́.

"Kò ṣeé fi omi tútù ṣe?"

"Òrí tó bá dì, ṣé omi tútù ló ń yọ́ ọ, Màmá?"

Wọ́n ra oògùn ní fámásì, wọ́n padà sílé. Brice ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, atẹ́gùn ń gbé e lọ. Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ro ọ̀rọ̀ kan náà yí ká. Wọn ò ní bọ́ dúdú fún un àfi bí ojú bá gbẹ omi. Ojú ò ní gbẹ omi àfi bó bá rí omi gbígbóná. Kò sì gbọdọ̀ fi omi gbígbóná kan ojú àfi bí wọ́n bá bọ́ dúdú. Ẹni bá fẹ́ kí orí fọ́ òun, kó jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó lọ bá Suzanne lọ́jọ́ kejì. Suzanne ń ṣa ẹ̀wà. Euphrasie kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, mo lọ rí dókítà ojú."

"Kí ló ṣe ojú rẹ, ìyàwó?"

"Ó ní àìsàn ni. Ó ní ìpéǹpéjú mi ló wú, epo inú rẹ̀ ló dí. Ó ní kí n máa fi aṣọ gbígbóná lé e."

Suzanne ju òkúta kékeré kan nù láti inú ẹ̀wà. "Ṣé ó mọ̀ pé opó ni ọ́?"

"Ó rí aṣọ ọrùn mi."

"Ó rí aṣọ. Kò rí Léonard." Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. "Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ojú yìí ń sunkún àbúrò mi. Àlejò kan wá láti Kútọnu, ó ní epo ló dí. Ìwọ náà wá gbà."

"Bí ìṣu tuntun bá dé, tí omi yìí ò dá ńkọ́?"

"Wàá dúró de òmíràn. Kí ló ń lé ọ?"

"Kò sí ohun tó ń lé mi, Ìyá mi. Ó rẹ̀ mí ni."

"Ó rẹ gbogbo wa."

Euphrasie dìde, ó gbọn eékún rẹ̀. Ẹ̀wà ṣì ń bọ́ sínú àwo lẹ́yìn rẹ̀, wóró, wóró.

Brice ní kí ló le níbẹ̀, kó máa wá gbé omi kaná nílé òun, ta ló máa mọ̀. Euphrasie mi orí. Ó ti gbé ọwọ́ lé sàréè Léonard, ó ti ní omi tí iná bá mú gbóná kò ní kan ojú òun. Àwọn mìíràn lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mì bí ẹ̀kọ. Òun ò lè gbé e mì. Ó kán oògùn sójú, ó kun ìpara, ó gba jígí ńlá tí Brice fi ń gun alùpùpù, ó fi ń fọ́ òkúta. Ó wá dà bí ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹ́ lọ sáré ìdíje. Ìtura wà níbẹ̀, àmọ́ bíńtín ni. Ìpin ṣì ń bẹ láràárọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò òwúrọ̀ ti dá, oòrùn yọ, irú oòrùn ẹ̀yìn òjò tó ń fi ìbínú yọ. Àpáta àwọn òkè Ìdáàṣà, bí oòrùn bá lù ú, ẹ lè din ẹyin lórí rẹ̀, kí ẹyin náà máa bẹ yín. Euphrasie rẹ aṣọ ìnujú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àpáta kó lè padà sídìí òòlù. Ó gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó fà á kó fi nu eruku, aṣọ náà ti gbóná, ó ṣì tutù lómi. Ó fi lé ojú.

Kò mú un kúrò. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, òòlù lórí itan. Ohun kan nínú ìpéǹpéjú rẹ̀ tú, bí okùn tó ti há tipẹ́. Ó ra á bí Dókítà ṣe wí, láti òkè wá sísàlẹ̀, ó sì rí epo tó yọ́ sí ìka rẹ̀.

Ó wo aṣọ náà, ó wo òkè. Iná ni ìbúra òun dárúkọ. Kò sí ẹni tó dárúkọ oòrùn níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ó di iṣẹ́ mìíràn lórí iṣẹ́. Bí oòrùn bá ti ta, á tẹ́ aṣọ, á dúró, á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì òkúta rẹ̀, á fi bo ojú. Bó bá tutù, á tún un tẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, á tún ṣe é. Ìgbà òjò ni, oòrùn ò sì ṣeé fọkàn tẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìkùukùu á jókòó sórí òkè bí àna tó wá gba gbèsè, Euphrasie á máa wojú ọ̀run, aṣọ tútù lọ́wọ́, apá ń ro ó, ọrùn ń ro ó. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ojú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Àwọn tí wọ́n jọ ń fọ́ òkúta fi ṣe yẹ̀yẹ́. Vanessa tó jókòó tì í ní, "Euphrasie ti rí ọkọ mìíràn. Orí àpáta ni wọ́n ń pàdé. Ọkọ náà sì máa ń bò ó lójú kó má baà rí bó ṣe burẹ́wà tó."

"Ó sàn ju tìrẹ lọ," Euphrasie dáhùn lábẹ́ aṣọ. "Tèmi ń gbóná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí òkúta fi ń dáhùn. Àmọ́ rírẹ̀ ló rẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó ń sọ fún ènìyàn pé ìwòsàn náà a máa rẹni bí àìsàn.

Ó wá di òwúrọ̀ kan, ó jí, ojú là fúnra rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń wo òrùlé, ẹ̀rù ń bà á láti ṣẹ́jú. Ó rí alángbá kan lókè níbẹ̀, ó ka gbogbo ìka rẹ̀. Ó bọ́ síta, ó gbálẹ̀, kò sí omi. Ó jẹ ẹ̀kọ, kò sí omi. Brice kọjá, ó sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kan, Euphrasie rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ gbẹ.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ ní Kpingni. Ẹ sín ní ìkángun kan, wọ́n á ti kí yín "pẹ̀lẹ́" ní ìkángun kejì kí ẹ tó nu imú. Wọ́n ní omi ojú opó Léonard ti dá. Wọ́n ní ó ń lọ dùbúlẹ̀ lórí àpáta lọ́sàn-án. Suzanne gbọ́.

Ìṣu tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gé nígbà tí Suzanne gòkè wá. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀lé e. Ó bá Euphrasie lórí ìdùbúlẹ̀, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, aṣọ lójú. Vanessa àti àwọn tó kù rí i, wọ́n kó òòlù wọn, wọ́n lọ jìnnà díẹ̀. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀.

Suzanne bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan aṣọ náà.

"Ó gbóná."

Euphrasie mọ ohùn náà. Kò sáré dìde. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó sáré lọ. Ó mú aṣọ kúrò, ó jókòó. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá mi."

"Mo ní ó gbóná."

"Iná kọ́. Oòrùn ni. Àpáta ló gbóná."

"O lọ́gbọ́n."

"Mi ò lọ́gbọ́n. Ojú ló ń dùn mí."

Suzanne di àgbọ̀n rẹ̀ mú, bó ṣe ṣe é lọ́dún tó kọjá, ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Funfun ojú ti di funfun, etí ìpéǹpéjú ò pọ́n mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Kò sí omi.

"O ò sunkún rẹ̀ mọ́," ló wí.

Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, Euphrasie lè parọ́. Irọ́ tó dáa wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ó lè ní Léonard wá bá òun lójú àlá, ó ní ó tó. Wọ́n á gbà á, wọ́n á tilẹ̀ fi jó. Ó wo obìnrin tó di àgbọ̀n òun mú, ó rí i dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́, gbogbo ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mo sun ún tán, Ìyá mi. Mo sun ún lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó tán. Èyí tí ẹ ń rí látìgbà náà, kì í ṣe ẹkún."

Ọwọ́ Suzanne ṣì wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Lọ́dún tó kọjá tí mo wò ọ́ ńkọ́?"

"Kì í ṣe ẹkún."

"O sì jẹ́ kí n máa sọ ọ́ káàkiri."

"Ẹ ń sọ ọ́, ó ń dùn mọ́ yín. Mi ò mọ bí mo ṣe máa gbà á lẹ́nu yín."

Suzanne fi àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sórí òkìtì òkúta, ohun tí ẹnì kankan ò rí i ṣe rí, pẹ̀lú aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Nísàlẹ̀, ọkọ̀ ńlá ńlá ń gba ojú ọ̀nà Glazoué kọjá.

"Èmi ò sunkún rẹ̀," ni Suzanne wí. "Wọ́n rò pé mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kò jáde. Mo dúró níbẹ̀, mo ń retí rẹ̀, kò jáde. Mo wá ń wo ìwọ. Mo ní kò burú, ìyàwó rẹ̀ ń sun ún. Ẹnì kan ń sun ún nínú ilé wa." Ó gbọn eruku kúrò ní ìdí aṣọ rẹ̀, eruku ò lọ. "Ṣé ó ń dùn ọ́ púpọ̀, ojú yẹn?"

"Púpọ̀."

"Mo sì ní kó máa ṣàn lọ."

Euphrasie kò sọ pé kò burú. Ó burú.

Aṣọ tó wà lọ́wọ́ Euphrasie ti tutù. Suzanne wá na ọwọ́, ó tú gèlè dúdú tó wà lórí opó náà. Kò pe agboolé jọ, kò ní kí ẹnì kankan gbàdúrà. Afẹ́fẹ́ kan irun Euphrasie tó ti fún mọ́ra, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù lójú oòrùn yẹn.

"Bọ́ ìyókù bó o bá délé. Màá bá wọn sọ ọ́."

"Kí lẹ máa sọ fún wọn?"

"Pé mo wo ojú ìyàwó, ó gbẹ. Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́."

Suzanne gbọn gèlè náà lẹ́ẹ̀kan. Ó ká a, ó sì wé e mọ́ orí ara rẹ̀, ó fà á le, bí ẹni tó ń gba iṣẹ́ ẹkún lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ ti rẹ̀. Euphrasie fẹ́ dìde bá a sọ̀ kalẹ̀.

"Jókòó," Suzanne wí. "Má tẹ̀ lé mi. Ní ọ̀la, lọ sí Glazoué, kí o lọ wo irú ìṣu tí wọ́n ti ń kó wá."

Ó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn òkúta, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ọ̀nà ò mọ́ lójú. Euphrasie ń wò ó lọ. Kò sí ohun tó bò ó lójú, ó rí i títí dé ìsàlẹ̀, ó rí gèlè dúdú náà títí ó fi wọ àárín àwọn ilé.